Kànga Tí Mo Fi Ẹnu Dí

Ìyá tó bí mi kò lè kúnlẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá ń kí àgbà, gbogbo wọn á wà lórí ìkúnlẹ̀, òun á dúró gbọnrangandan, á tẹ orí ba, á sì máa bẹ àlejò tí kò mọ̀ ọ́n pé kó má bínú. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti gan kí wọ́n tó bí mi. Sòbìà ló ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ sòbìà, ẹ máa dúpẹ́. Aràn ni. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Inú ẹran ara ló ń gbé, ọjọ́ tó bá sì wù ú ni yóò lu ẹsẹ̀ èèyàn jáde. Igi wẹ́wẹ́ la fi ń ká a, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Bó bá já, tí ìyókù padà sínú, ẹsẹ̀ á wú, á kẹ̀, oríkèé tó bá wà nítòsí lè gan títí ayé.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin ni, mo gbé e sí itan, mo fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ méjèèjì, mo ní, "Ìwọ máa kúnlẹ̀." Àdúrà tí mo kọ́kọ́ gbà fún un nìyẹn. Àwọn ẹlòmíì ń tọrọ ọlá àti ọkọ rere fún ọmọ wọn. Orúnkún ni èmi tọrọ. Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó ní irú àdúrà wo lèyí, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín.

Abúlé ọkọ mi wà láàárín Kàbà àti Ògìdì. Bí òjò bá ti lọ, omi kan ṣoṣo ló kù fún wa, adágún tó wà nísàlẹ̀ oko. Etí rẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀, nítorí náà a ó wọ inú rẹ̀ dé orúnkún ká tó rí omi bù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá wọ̀ ọ́, ẹni tó ní egbò wọ̀ ọ́, ẹni tí sòbìà ń fi iná jó lẹ́sẹ̀ sì fẹ́ràn àtiwọ̀ ọ́ jù, nítorí omi náà tutù. Àwọn àgbà wa sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni sòbìà wà, pé wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni, pé oníkálukú ló ní tirẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, wolé-wolé kan bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ wá bá wa láti Kàbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ará ọ̀nà Ìlọrin, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí tí wọ́n lọ̀ tó gún bí ọ̀bẹ. Ó máa ń kí wa pé "Okun o" bí ọmọ ilé, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń dùn lẹ́nu wa, àwa obìnrin a sì máa sín in jẹ bó bá ti yísẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bu omi adágún sínú ife gíláàsì, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. Mo wò ó. Àwọn nǹkan tíntìntín kan ń ta pọ́ún nínú rẹ̀. Ó ní inú omi ni sòbìà ti ń wá, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní bí a bá lè gbẹ́ kànga, ká mu omi rẹ̀ nìkan, sòbìà máa tán nílẹ̀ wa.

Háà! Ẹ ò mọ̀ mí. Bí mo bá ti gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́, kò sẹ́ni tó máa sùn ní àdúgbò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní, mo dé ilé tó kẹ́yìn. Mo bá ọkùnrin jà, mo bá obìnrin jà, mo ní gbogbo ẹni tí kò bá fẹ́ kànga, kó wá sọ fún mi ìdí tí ìyá mi fi ń dúró kí èèyàn. Wọ́n ń pè mí ní ìyàwó wolé-wolé. Ọkọ mi pàápàá ń bi mí bóyá kí òun lọ gba ìdáná òun padà. Mo kọjá sí ilé tó kàn. Nígbà tó yá, wọ́n gbà. Ọ́fíìsì Kàbà fún wa ní sìmẹ́ǹtì àti àwọn agbẹ́kànga méjì, àwa ará abúlé sì ru òkúta àti yanrìn. Gbogbo ọyẹ́ ọdún náà la fi gbẹ́ ilẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ sun funfun bí omi ògì, lẹ́yìn náà ó mọ́ lóló. Wọ́n mọ etí rẹ̀ ga, kí omi ẹsẹ̀ má baà ṣàn padà sínú rẹ̀, wọ́n fi pákó bò ó, wọ́n sì fi agádágodo tì í kí ọmọdé má baà já sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá yíwọ́.

Ní abúlé wa, ohun tuntun kì í kọjá ẹnu àgbà. Iṣu tuntun, erèé tuntun, oyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, àgbà tó dàgbà jù láàárín wa ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó súre sí i, kí ọmọdé tó fẹnu kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ rí pé omi wà lára ohun tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la tún ti rí omi tuntun rí? Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́ yọ lẹ́nu ẹnì kan, gbogbo ènìyàn sì yí ojú sí agádágodo náà. Àgbà wa kò sí nílé. Ojú ń dùn ún, ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Kàbà fún ìtọ́jú. Wọ́n ní a ó dúró dè é.

Wolé-wolé bẹ̀ wá. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni omi adágún léwu jù, pé kí a ṣí kànga lónìí, kí bàbá wá súre sí i nígbà tó bá dé. Àwọn ọkùnrin ní rárá. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kò lè pàṣẹ fún àgbà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé mìíràn. Ó yẹ kí n sọ bí ó ti rí gan-an, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, kí ni èyí tí mo ń kọ yìí wà fún? Èmi náà sọ pé ká dúró. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́! Mo ní omi tó máa gba ẹsẹ̀ ọmọ mi là, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí yóò fi bú u lẹ́yìn ọ̀la. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ọjà Kàbà ná, ó tún ná, bàbá kò dé. Wọ́n ní ojú náà ń sàn, ṣùgbọ́n kò tíì lè rin ìrìn-àjò. Lójoojúmọ́ la ń gbé ìkòkò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí a ń lọ sí adágún tí kò fẹ̀ ju ojú àtẹ ńlá mélòó kan lọ mọ́, omi rẹ̀ sì ki. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ mi ń bọ̀ láti oko. Ọdún mẹ́rin ló wà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ètè rẹ̀ ti sán. Nígbà tí a dé ẹ̀bá kànga, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ìyá, èyí ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá àgbà ò tíì mu."

Mo sọ ìkòkò tí mo rù kalẹ̀, mo fi igbá bu omi adágún fún un. Igbá kékeré ni, etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó mu ún tán, ó ní òun tún fẹ́, mo tún bu òmíràn. A jókòó sí orí etí kànga bí ó ti ń mu ún.

Ìgbà tí bàbá dé, ó kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú un lọ́wọ́ dé ibẹ̀, wọ́n fa omi, ó mu, ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n, ó ní, "Ó dùn." Ariwo sọ! Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún mu adágún. Èmi ni mo ń ṣọ́ wọn. Bí a bá ń lọ sóko, agbè omi kànga ni mo ń gbé lọ fún ọmọ mi, bó bá sì mu omi nílé ẹlòmíì, mo máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Àwọn ènìyàn ní mo ti ya wèrè. Mo ní wèrè tó bá lè kúnlẹ̀ sàn ju ọlọ́gbọ́n tó ń dúró lọ.

Wolé-wolé padà wá kọ́ wa ní ohun kejì. Ó ní omi tó ń dànù létí kànga kò yẹ kó ṣòfò. Ó ní kí a la ọparun sí méjì, ká tò ó láti etí kànga lọ sí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ká da omi sí i lókè, kó máa ṣàn lọ sórí ebè. Àwọn obìnrin gbin tòmátì, tẹ̀tẹ̀ àti ilá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, tí koríko gbogbo ti gbẹ, ilẹ̀ wa nìkan ló tutù. A ń ru ẹ̀fọ́ lọ sí ọjà Kàbà, àwọn ènìyàn ń béèrè pé ibo lòjò ti ń rọ̀. Ìyá mi wá kí mi nígbà náà. Wọ́n gbé àpótí fún un sẹ́bàá ebè, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ líle síwájú, ó ń wo bí omi ṣe ń sáré nínú ọparun. Ó ní, "Ó pẹ́ kó tó dé."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá mi padà sílé tí ọmọ mi wá bá mi nídìí ààrò. Ó ní, "Ìyá, orúnkún mi ń gbóná."

Mo wò ó. Ó lé ròrò, omi wà nínú rẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ tó láti kékeré, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Mo lọ ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó bẹ́, orí òwú funfun náà sì yọ. Kì í ṣe òun nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ó yọ nílé mẹ́fà.

Bínú ṣe bí mi lọ́jọ́ náà, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Mo dìde lówùúrọ̀ nígbà tí gbogbo obìnrin wà níbi kànga, mo ké: "Ẹ gbọ́ mi o! Wolé-wolé ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé inú omi ni sòbìà ti ń wá. Omi wo la ti ń mu láti èṣí? Ẹ dá mi lóhùn! Omi wo lọmọ mi mu? Ṣé adágún ni?" Mo gba okùn lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á, mo jù ú sínú kànga tòun ti garawa. Mo ní, "Ẹ máa mu ún lọ. Èmi ti mu tèmi."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, èmi ni ìbá bá a jà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo polówó omi yẹn ni mo tún bà á jẹ́. Ta ni kò ní gbà mí gbọ́? Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn obìnrin gbé ìkòkò padà sí adágún. Àwọn tí sòbìà ti yọ sí lẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nítorí iná tó ń jó wọn.

Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi ká sòbìà ọmọ mi mọ́ igi. Ó ti yọ tó ìka mẹ́rin. Ní ọ̀sán kan ọmọ náà sùn lọ, ó ta ẹsẹ̀ lójú oorun, sòbìà náà já. Ẹ̀yìn ìyẹn, orúnkún náà wú bí orí ọmọ tuntun. A fi ewé sí i, a fi epo sí i, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Kàbà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, ibà náà lọ. Orúnkún náà kò ká mọ́.

Ó tó oṣù kan gbáko kí wolé-wolé tó tún dé, nítorí wọ́n ti gbé e lọ sí apá Odò-Ẹrẹ̀. Ó rí ọmọ náà lórí ẹní. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ láìwo ṣòkòtò tó gún. Ó bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi kànga?" Mo sọ fún un. Ó bi mí pé ìgbà wo ni sòbìà yọ. Mo sọ fún un. Ó fi ìka kà á, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn, ó wá gbé ojú kúrò lára mi.

Ó ní, "Sòbìà tí èèyàn bá mu lónìí, ó di bí àmọ́dún kó tó jáde. Èyí tó jáde yìí ti wà lára rẹ̀ kí bàbá tó fẹnu kan kànga."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?"

Ó ní, "Mo rò pé mo ti sọ ọ́."

Igbá tí etí rẹ̀ ṣẹ́ ni mo ń rí lójú mi. Èkínní, tó mu tán. Èkejì, tí mo tún bù. Orí etí kànga la jókòó sí.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní títí dé ilé tó kẹ́yìn. Mo ní mo ṣì í sọ, pé kànga kò lẹ́bi, pé kí wọ́n padà sí i. Ọkùnrin kan ní, "Ẹnu tó ní ká wá, òun náà ló ní ká lọ, òun ló tún ní ká padà. Ṣé ẹsẹ̀ wa ni ẹ fẹ́ lò tán ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n wo àgbà wa: òun kò sí nílé nígbà tí à ń mu adágún nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ó sì ń mu kànga láti ìgbà tó dé, kí ló dé tí sòbìà kò yọ lára rẹ̀? Wọ́n ní ara arúgbó ti gbẹ, kí ni sòbìà fẹ́ jẹ níbẹ̀. Mo lọ bá bàbá fúnra rẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ọmọ bá fi ẹkún sọ, èèyàn kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní kí n sinmi. Ìyá ọkọ mi, mùsùlùmí òdodo, omi kànga ló fi ń ṣe àlùwàlá, omi adágún ló ń mu. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Omi tó mọ́ ló yẹ Ọlọ́run. Èmi, omi tí mo mọ̀ ti tó mi."

Wọn kò pa kànga tì o. Wọ́n fi ìwọ̀ yọ garawa tí mo jù sí i, wọ́n ra okùn tuntun, wọ́n ń fa omi rẹ̀ sínú ọparun láràárọ̀. Wọ́n ní tòmátì kò ní ẹsẹ̀ tí sòbìà máa gbà jáde. Omi tó mọ́ jù ní gbogbo agbègbè wa, ewébẹ̀ ló ń mu ún. Àwa tí a bomi rin ín á wá gbé ìkòkò, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún. Èmi àti ọmọ mi nìkan ló ń mu kànga, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tí ìbànújẹ́ ti kó sí lórí.

Ọdún tún yípo. Sòbìà tún yọ, ilé mẹ́sàn-án lọ́tẹ̀ yìí. Kò yọ lára mi, kò yọ lára ọmọ mi. Mo jáde sí ìta, mo ní, "Ẹ wá wò wá! Àwa tí à ń mu kànga, ẹ wá wo ẹsẹ̀ wa!" Wọ́n ní tilé wa ti jáde tán lọ́dún tó kọjá ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyálé kan láti agbo ilé kejì wá bá mi. Sòbìà ń bẹ lọ́rùn ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, oko ọdún náà sì ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó gbé abọ́ tòmátì lọ́wọ́, pupa, tútù, èyí tí kànga bomi rin. Ó gbé e síwájú mi.

Ó ní, "O ṣeun o, ìyàwó. Mo ní kí n wá dúpẹ́ ni. Bí kì í bá ṣe ẹnu rẹ tó gbà wá lọ́wọ́ kànga yẹn, bóyá méjì ni ìbá yọ lára ọmọ mi."

Mo wo tòmátì náà.

Ọmọ mi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó jáde láti inú yàrá wá kí i. Ó fi ọwọ́ kan di òpó ilẹ̀kùn mú, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó tẹ orí ba, bí ìyá mi ti máa ń ṣe.

"Dìde, ọmọ mi, dìde," ni obìnrin náà wí, bí a ti máa ń sọ fún ọmọ tó bá kúnlẹ̀.

Orí ìdúró lọ́mọ mi wà.